Hítà mi àti odídẹrẹ́ wọn

Oṣù kọkànlá ni mo ra hítà náà, ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Bolton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbé e délé, mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná, iná pupa kékeré ara rẹ̀ tàn, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ tutù bí omi amù. Mo sun oorun ọjọ́ yẹn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e padà lọ. Ká ní Ìbàdàn ni, n kò ní dán an wò, torí ara rìsíìtì gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Níbí, òfin ọdún 2015 fún èèyàn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà kó sì gba owó rẹ̀ pé. Mo tò sórí ìlà. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ki wáyà rẹ̀ bọ iná, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kò sóhun tó ṣe é, pé ó kàn máa ń pẹ́ kó tó gbóná ni. Mo ní láti àná ló ti ń pẹ́. Ni bàbá arúgbó kan lẹ́yìn mi bá sọ ọ́ sókè pé hítà náà ò kú o, ó ń sinmi ni. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ka owó mi fún mi.

Mo gba owó, inú mi ò sì dùn. Àlejò tí kò mọ ohun tí onílé ń fi rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá ṣòkòtò òun ló ya.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣe é, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ahọ́n mi ò gbà, "Màmá" ni mo ń pè é, ó sì ti gba kámú. Mo ròyìn ìyà tí wọ́n fi jẹ mí fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá yọ fóònù.

Monty Python's Flying Circus ni ohun tó fi hàn mí, eré apanilẹ́rìn-ín tí ọkùnrin mẹ́fà ń ṣe lórí BBC. Apá kẹjọ ni, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1969. John Cleese, ọ̀kan nínú wọn, gbé àgò ẹyẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní odídẹrẹ́ tí òun rà níbẹ̀, tí kò tíì tó ìdajì wákàtí, ti kú. Michael Palin tó ń tajà ní rárá, ó ń sinmi ni. Ó ní Norway lẹyẹ náà ti wá, àárò ilé ló ń sọ ọ́. (Norway ò ní odídẹrẹ́ kankan.) Cleese gbá ẹyẹ mọ́ káńtà, ó jù ú sókè, ó já lulẹ̀ gbì. Ìṣó ni wọ́n fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi tó bà lé! Ọlọ́jà ní bí òun ò bá kàn án mọ́ ọn, ì bá ti fò lọ.

Mi ò tíì rẹ́rìn-ín títí dé ibẹ̀. Ìgbà tí inú bí Cleese, tó wá ń ka gbogbo ọ̀nà tí òyìnbó ń gbà sọ pé ẹnìkan kú, ni ẹ̀rín gbé mi. Àwa náà ni wọ́n ń ṣe! Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Àgbà a papò dà. Erin a wó. Lọ́dún tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n wọn pè mí pé kí n máa bọ̀ nílé, pé ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá, wọ́n ń sinmi. Mo ra èso dání. Ìgbà tí mo rí àga tí wọ́n tò síta ló yé mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí Palin bí Cleese ṣe ń bínú sí i. Ọlọ́jà ń purọ́ nítorí owó, òótọ́ ni, àmọ́ mo mọ ohùn yẹn.

Nínú apá yìí kan náà, ọkùnrin kan ń ta bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá fi lè dárúkọ mátíréèsì, àpò ló máa dà bo orí, kò sì ní ṣí i àfi bí o bá kọrin fún un. Mo sọ fún Màmá pé lọ́dọ̀ wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, okùn ilẹ̀ là ń pe ejò. Ó ní irọ́ ni mò ń pa.

Ó fi yé mi pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ló bí odídẹrẹ́. Palin ní oníṣẹ́ mọ́tò kan tí kì í gbà láé pé nǹkan kan bàjẹ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi mọ́tò ṣe é lọ́dún 1968. Kò sí ẹni tí kò mọ eré odídẹrẹ́ yìí nílùú yìí. Margaret Thatcher pàápàá, olórí ìjọba wọn nígbà náà, fi bú ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal Democrats lọ́dún 1990, torí pé ẹyẹ ni àmì wọn. Nígbà tí Graham Chapman, tó bá Cleese kọ ọ́, kú lọ́dún 1989, irú àkàsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ikú yẹn náà ni Cleese fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi ìrántí rẹ̀. Ìyẹn rán mi létí àwọn ọdẹ tó ń sun ìrèmọ̀jé.

Ìparí rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọlọ́jà ní kí Cleese lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò òun ní Bolton. Bolton tiwa yìí! Màmá dá a dúró níbẹ̀, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá ológun kan wọlé, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti di àpárá jù, ó dá a dúró. Lójú tèmi, ẹni tí kò mọ ibi tí yóò fi eré sí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe Màámi. Wọ́n gbàdúrà bí wọ́n ṣe máa ń gbà á, wọ́n parí ẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń parí ẹ̀ sí: "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ." Àmín mi bá ẹ̀rín jáde.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, mà. Òyìnbó kan ló ra odídẹrẹ́. Ó kú, ẹni tó tà á ní kò kú, pé àárò ilé ló ń sọ ọ́."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Àárò ò sọ ẹ́?"

Mo ní rárá, mà. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni, mo ń sinmi.