Ogún ló tú Wessex mi ká, kì í ṣe ogun

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń gbá ìjọba Wessex nínú géèmù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Crusader Kings III, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ló wá ń dùn mọ́ mi jù, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún 867 ni mo máa ń mú pé kí géèmù ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn kò tíì sí ìjọba kan tó ń jẹ́ England o. Wessex wà ní gúúsù, Mercia wà láàárín, East Anglia wà ní ìlà oòrùn, Northumbria ló wà lókè pátápátá. Àwọn Dane, ìyẹn àwọn jagunjagun tó ti Denmark wá, ti gba ìlú York ní Northumbria lọ́dún 866, nígbà tí Ælla àti Osberht tí wọ́n jọ ń du oyè Northumbria wá gbìyànjú láti gbà á padà ní oṣù kẹta 867, ibẹ̀ làwọn méjèèjì kú sí. Kó o tó tẹ bọ́tìnì kankan, iná ti ń jó bọ̀ látòkè nìyẹn.

Ní ẹ̀ẹ̀kìn-ín-ní, Dane nìkan ni mo ń wò. Owó tó bá wọlé, ọmọ ogun ni mo fi ń rà. Mo rántí ìjà kan létí odò Thames, wọ́n pọ̀ jù wá lọ dáadáa, mo bá kó àwọn tèmi sí òdìkejì odò, mo dúró, mi ò lọ bá wọn, torí nínú géèmù yìí ẹni tó bá ń gba odò kọjá wá jà, ó ti kó àǹfààní fún ẹni tó ń dúró dè é. Mo dín bí ọjọ́ ṣe ń sáré kù pátápátá, mò ń wo ọfà kékeré yẹn bó ṣe ń rìn lórí máàpù, ìka mi wà lórí pọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ mí. Wọ́n kó sódò. Nígbà tí mo rí i tí wọ́n ń sá padà, mo dìde dúró.

Inú dídùn yẹn ò tíì tán tí pátákó kan fi yọ: Æthelred, ọba Wessex tí mò ń lò, ti kú.

Nínú géèmù yìí, bí ọba rẹ bá kú, àrólé rẹ̀ lo máa dà. Bí mo ṣe di ọmọ rẹ̀ Æthelhelm nìyẹn, ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan. Òfin tí mo bá níbẹ̀ ni pé kí wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ọkùnrin, àbúrò rẹ̀ Æthelwold náà gba tiẹ̀, àwọn ìjòyè sì rí i pé ọmọdé ló wà lórí oyè, ni wọ́n bá ń kó ara wọn jọ. Alfred tó jẹ́ àbúrò bàbá wọn wà níbẹ̀, ọgbọ́n kún orí ẹ̀, kò sóhun tó lè ṣe. Nígbà tí Dane fi máa padà wá, ọmọ ogun tí mo lè pè ò tó ìdajì èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀. Ó tán nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì náà, bákan náà ló parí sí. Ìgbà yẹn ni mo wá lọ ka báwọn tó ni Wessex gan-an ṣe ṣe é, ohun tí mo rí níbẹ̀ gbà mí lọ́kàn gan-an. Æthelwulf kú lọ́dún 858, ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló jọba lẹ́yìn ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n sí àbúrò: Æthelbald, Æthelberht, Æthelred, Alfred. Ní oṣù kìíní ọdún 871, Æthelred àti Alfred jọ bá Dane jà ní Ashdown, wọ́n ṣẹ́gun, Æthelred kú lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ọdún yẹn kan náà. Ó láwọn ọmọ o! Àmọ́ ọmọdé ni wọ́n, ìlú sì ń jóná lọ́wọ́, Alfred ni wọ́n fi jọba. Ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣàì dun àwọn ọmọ, torí nígbà tí Alfred kú lọ́dún 899, Æthelwold yìí kan náà jáde, ó lóun ni oyè tọ́ sí, ó lọ bá àwọn Dane ní Northumbria, ogun ló sì kú sí lọ́dún 902. Mi ò lè dá a lẹ́bi tán.

Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, nǹkan àkọ́kọ́ tí mo lépa ni òfin tí wọ́n ń pè ní Saxon Elective, àwọn ìjòyè á dìbò yan ẹni tó máa jọba, ìwọ náà sì ní ìbò tìẹ. Iyì ni wọ́n fi ń ra òfin yẹn nínú géèmù, gbogbo èyí tí Æthelred ní ni mo kó lé e lórí. Lẹ́yìn ìyẹn mo wá ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fún eléyìí lówó, mo fún tọ̀hún lóyè nínú ìgbìmọ̀, títí tí orúkọ Alfred fi bọ́ sókè. Nígbà tí pátákó ikú yẹn yọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ilẹ̀ díẹ̀ ṣì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ, oyè ọba ò yẹ̀, Alfred ni mo di. Àgbàlagbà! Ara tù mí débi pé mo kàn pọ́ọ̀sì ẹ̀ síbẹ̀ tí mò ń wo ojú ẹ̀.

Mercia ni mo wá fi ọmọ mi fún, bí Alfred gan-an ṣe fi Æthelflæd fún olórí Mercia. Lóòótọ́ fífi ọmọ fọ́kọ rọrùn ju kíkọ́ odi lọ, odi ń jẹ owó, ó sì ń pẹ́, àmọ́ mò ń kọ́ ọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti Winchester lọ sókè.

914 ni mo wà báyìí. Ọmọ Alfred ló wà lórí oyè, Dane ṣì jókòó sí York, àwọn Mercia ti dara pọ̀ mọ́ mi, a ti jọ dé etí odò Humber. Èmi ló máa kọjá odò lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti sẹ́éfù ẹ̀, ó di alẹ́ ọ̀la.