Ìlédìí, Súùmù àti ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù: ọdún Kòrónà wa ní Maryland

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ obìnrin kan ní yunifásítì níbí ní Amẹ́ríkà, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn?" Ẹ má bá a wí. Àbúrò rẹ̀ wà ní Ifẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1999, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Awolowo Hall lóru, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ ò lè dùn láti rí lẹ́tà Gíríìkì, tí irú ẹgbẹ́ yìí fi ń ṣe orúkọ, láyà ọmọ rẹ̀ obìnrin. Zik ló gbà mí sílẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé Nnamdi Azikiwe àti Kwame Nkrumah jẹ́ ọmọ Phi Beta Sigma, ẹgbẹ́ ọkùnrin tó bá tèmi, Zeta Phi Beta, tan. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Zik tiwa yìí?" Wọ́n ní kí n máa lọ, àmọ́ kí n má mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin márùn-ún ló dá Zeta sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard, ní Washington, lọ́jọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1920. Ẹ ti rí i pé oṣù kìíní 2020 ni ẹgbẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí a ṣe wọ búlúù àti funfun nígbà náà, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òkú àgbà kan la fẹ́ sin. Kó tó di ìparí oṣù kẹta, yunifásítì ti ní kí kálukú kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Owó gbọ̀ngàn tí a ti san fún ijó step, ijó tí a fi ń janlẹ̀ tí a sì ń pàtẹ́wọ́, wọgbó. Bàtà ijó náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin òyìnbó ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ibí máa ń ní ilé ńlá tiwọn, tí wọ́n ń gbé pọ̀, tí alásè ń se oúnjẹ fún wọn. Nínú ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní Divine Nine, ẹ̀ka tó nílé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí àwa ní ni àwọn àgbà. Ẹni tó bá wọlé, ó wọlé títí ayé ni. Bó bá gboyè tán, á bọ́ sí ẹ̀ka àwọn tó ti gboyè, á máa sanwó ẹgbẹ́, á máa wá sípàdé pẹ̀lú ewú lórí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ti géètì yunifásítì, wọn ò ti ẹgbẹ́ wa pa. Nọ́ńbà àwọn ìyá yìí wà lọ́wọ́ wa, ọ̀pọ̀ wọn sì ní mọ́tò.

Iṣẹ́ tó gba agbára wa jù ni Stork's Nest, tí Zeta àti March of Dimes, àjọ tó ń rí sí ìlera aláboyún àti ọmọ ìkókó, ti jọ ń ṣe láti ọdún 1972. Aláboyún tí nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa oyún àti ìtọ́jú ọmọ. Bó bá ń wá déédéé, tó sì ń rí dókítà rẹ̀ nígbà tó yẹ, á máa gba máàkì, máàkì yẹn ló máa fi ra ìlédìí, aṣọ ọmọ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yẹn, torí ẹnikẹ́ni ò tọrọ nǹkan níbẹ̀. Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ eré: CDC, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀, ti sọ ọ́ léraléra pé ikú tó ń pa obìnrin dúdú nídìí oyún tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tàwọn obìnrin funfun.

Kòrónà dé, kíláàsì tì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ò gbà ju ẹnì kan lọ pé kó tẹ̀ lé ẹni tó ń rọbí. Àwọn olówó ti kó ìlédìí tán ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba, WIC tàbí SNAP, kò ra ìlédìí rárá. (Mo ṣì ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún mi.) Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá dá owó jọ. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan la ti ń to ẹrù sínú àpò. Wọ́n á gbé e dé ẹnu ọ̀nà aláboyún, wọ́n á padà sínú mọ́tò kí wọ́n tó pè é pé kó jáde wá gbé e.

Wọn ò jẹ́ kí èmi bá wọn gbé e. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó, àrùn sì ń jà níbẹ̀. Màmá fúnra wọn ló kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ aláboyún kankan. Kíláàsì wá bọ́ sórí Súùmù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì di alábòójútó rẹ̀. Àgbà ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ agbẹ̀bí ló ń kọ́ni nírọ̀lẹ́, èmi ní tèmi á máa bẹ̀ wọ́n, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa makirofóònù yín." Ọmọ ń ké níbí, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo lọ́hùn-ún. Obìnrin kan máa ń wọlé láti inú mọ́tò rẹ̀ lásìkò ìsinmi níbi iṣẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ lórí itan. Òun ló ń béèrè ìbéèrè jù, kì í sì í fi kíláàsì kankan sílẹ̀.

A tún pín orúkọ àwọn àgbà tó ń dá gbé láàárín ara wa, pé ká máa pè wọ́n. Nínú ẹgbẹ́, "Soror", ìyẹn arábìnrin ní èdè Látìn, ni gbogbo wa ń pe ara wa, ọmọdé àtàgbà. Ẹnu mi ò gbà á. Mo sọ "Soror," mo fi "mà" kún un kíákíá, ìyá tí mò ń pè sì rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ìyá yìí fi ń bi mí bóyá màmá mi ti délé láti ibi iṣẹ́.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba ààyè, kì í sì í pẹ́ kó tó tán. Àwa ọmọdé ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún wọn. Ìyá mi inú fóònù ní òun ò gbà á. Wọ́n rán mi létí Tuskegee ní Alabama, níbi tí ìjọba ti ń wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní àrùn sífílíìsì láti 1932 títí di 1972 láìtọ́jú wọn, pẹ̀lú pé pẹnisílínì ti wà. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Mo kàn sọ fún wọn nípa Kizzmekia Corbett, obìnrin dúdú tó kàwé ní Maryland wa níbí, tó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ Moderna. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pè mí pé kí n wá ààyè fún àwọn.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹgbẹ́ gbé sórí Instagram nígbà náà tó jẹ́ nítorí fọ́tò lásán. Mi ò ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́. Ohun tó sì bà jẹ́ kò tíì tún ṣe tán: àwọn tó yẹ kó kọ́ àwọn tuntun lórin àti ijó ti gboyè lọ kí ọgbà tó ṣí padà, orí fídíò làwọn ọmọ yẹn ti ń kọ́ ọ báyìí, ẹsẹ̀ wọn ò sì bára mu. Kíláàsì aláboyún ṣì wà lórí Súùmù. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ká dá gbogbo rẹ̀ padà sí gbọ̀ngàn, pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi àti agbẹ̀bí yẹn ní rárá o, ẹni tó ń jẹun nínú mọ́tò ńkọ́? A óò tún sọ ọ́ nípàdé tó ń bọ̀.