Egbò etí imú àbúrò mi tá a pè ní irorẹ́

Àfín ni àbúrò mi ọkùnrin, POS ló ń ṣe lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn níbí, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́dún tó kọjá nǹkan kékeré kan yọ sí i létí imú, ó ń dán, kò dùn ún, kò yún un, gbogbo wa la pè é ní irorẹ́. Màmá wa ń fi àdí àgbọn pa á. Nígbà tó yá ó sé èépá, èépá yẹn á já, á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá ti fi tówẹ̀lì nujú, á wá dà bíi pé ó ti jinná, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì ó ti tún padà. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò gbé kíríìmù kan fún un, àwọn tó ní steroid nínú yẹn, pípọ́n ibẹ̀ lọ sílẹ̀, inú wa dùn. Oṣù méje gbáko kọjá ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ.

Dókítà ò wò ó pẹ́ rárá, wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èsì jáde, jẹjẹrẹ awọ ni, irú tí wọ́n ń pè ní basal cell carcinoma. Mo sunkún. Wọ́n ní ká fọkàn balẹ̀, pé irú eléyìí kì í sábà tàn dé ibòmíì nínú ara, àmọ́ ibi tó bá wà ló máa ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ wá ro ti imú. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n gé e kúrò, ó wálé lọ́jọ́ yẹn náà. Ká ní a tètè lọ ni, àpá yẹn ò bá má tóbi tó báyìí, ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Egbò ojú tí kò bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí tó ń jinná tó ń padà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, àfín ò tiẹ̀ gbọdọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀ torí melanin tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn ò tó lára wọn. Àwa adúláwọ̀ yòókù náà, ó kàn wá o. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ ti Bob Marley, olórin reggae nì, ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ló ṣe é léṣe, 1977 ni wọ́n mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ó kú ní 1981, ẹni ọdún 36 péré. Torí náà, àmì dúdú tó ń tóbi sí i, tó ń yí àwọ̀ padà, tí etí ẹ̀ rí jákujàku, ẹ má fi ṣeré. Èyí tó bá sì funfun díẹ̀ ju ara yòókù lọ, tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀tẹ̀ lè ni, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, ó sì ń san, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àbúrò mi ti gbé tábìlì ẹ̀ sábẹ́ igi báyìí, akẹtẹ̀ ńlá ló ń dé. Gbogbo Sunday kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, màmá á di àgbọ̀n ẹ̀ mú, wọ́n á yẹ ojú ẹ̀ wò fínnífínní, títí dé ẹ̀yìn etí.