Ẹsẹ̀ Iwájú Ló Ń Ju Ọ̀kọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ju ọ̀kọ̀, mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń dì í mú tàbí bí a ṣe ń ka ìṣísẹ̀. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kọjá yìí ló mú mi kọ̀wé. Ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn ń sáré bọ̀ tagbáratagbára, bí ẹsẹ̀ òsì bá sì ti balẹ̀ báyìí, orúnkún á tẹ̀. Ọ̀kọ̀ á lọ sókè fẹ́ẹ́, á jábọ́ nítòsí. Ohun tí wọ́n ń pariwo sí wa létí nígbà tiwa náà ni àwọn kóòṣì wọn ṣì ń pariwo: "Apá! Fi apá sí i!"

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, ẹsẹ̀ òsì ni kó kọ́kọ́ tọ́jú. Àwọn tó ń jù ú dé 90 mítà kì í sáré ju bíi mítà 6 tàbí 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ nǹkan bíi mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀kọ̀ fi ń kúrò lọ́wọ́ wọn. Níbo ni ìyókù ti wá? Bí dánfó tó ń sá bọ̀ bá dédé tẹ bíréèkì, èrò inú rẹ̀ ló ń fò síwájú. Bí gìgísẹ̀ òsì bá kanlẹ̀, tí orúnkún kọ̀ tí kò tẹ̀, ìbàdí á dúró, àyà á yọ síwájú, èjìká á tẹ̀lé e, ìgúnpá á tẹ̀lé èjìká. Apá ló ń kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ kò sì gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí orúnkún bá tẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo eré tí ẹ ti sá dànù sí.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ yẹn lé. Johannes Vetter ará Jámánì ju 97.76 mítà ní Chorzów, ní Poland, lọ́dún 2020. Pẹ̀lú irú ọ̀kọ̀ tí à ń lò lónìí, Jan Železný ará Czech nìkan ló tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ, 98.48 lọ́dún 1996. Vetter tún ju 96.29 lọ́dún 2021, lóṣù díẹ̀ ṣáájú Òlíḿpíìkì Tokyo. Ó dé Tokyo, ẹsẹ̀ òsì kò rí ilẹ̀ dì mú, ó ń yọ̀. 82.52 ni agbára rẹ̀ mọ, kò sì sí lára àwọn 8 tó jù dé ìparí. Neeraj Chopra ará Íńdíà fi 87.58 gba góòlù. Apá tó ju 96 náà ni Vetter gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti ìgúnpá, òun gan-an ló ń dùn mí jù.

Wọ́n ń yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, orí koríko la ti ń sáré, bàtà kánfáàsì ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo sọ fún kóòṣì pé ilẹ̀ ń yọ̀, pé kó jẹ́ kí n jù ú láti ìdúró. Ó ní ọ̀lẹ ló ń wá àwáwí, kí n fi apá dí i. Wọn ò tọ́ wa láti máa bá àgbà jiyàn. Mo sáré. Ẹsẹ̀ òsì yọ̀, orúnkún wó, gbogbo ara mi ti lọ síwájú tán nígbà tí ọ̀kọ̀ ṣì wà lẹ́yìn, apá nìkan ló kù tí yóò fà á. Nǹkan já nínú ìgúnpá mi, lápá inú, mo gbọ́ ọ: pà! Ìdí ọ̀kọ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, wọ́n gbé àsíá pupa pé kò wọlé. Ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀lé e kú tipiri, mi ò lè gbé garawa omi fún ìgbà pípẹ́. Kí wọ́n tó gbé mi kúrò létí pápá, kóòṣì ti ń pe orúkọ ẹni tó kàn. Kò wá kí mi, kò sì bi mí léèrè títí dòní.

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin kóòṣì, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fà lé yín lọ́wọ́! Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kò bá ṣe, orí ìgúnpá ló ń já sí, ọmọ tó bá sì sọ fún yín pé ilẹ̀ ń yọ̀ ti mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ báyìí kì í sáré ní oṣù àkọ́kọ́. Wọ́n á dúró, ẹsẹ̀ òsì á ti wà níwájú, á nà gan-an, bọ́ọ̀lù ni wọ́n á sì fi máa kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ẹsẹ̀ òsì balẹ̀ kíá lẹ́yìn ọ̀tún, kí bíi mítà méjì sì kù sí ìlà tí ẹni tó ń jù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ìgúnpá ń ro, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Bí ilẹ̀ bá tutù, láti ìdúró la ti ń jù ú. Bí kóòṣì tiyín bá ní kí ẹ sáré lórí koríko tútù, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ẹ ò ní sáré. Bó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀.