Orí Olúmọ àti Abẹ́ Rẹ̀

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń fi pa ọmọdé lẹ́nu mọ́: ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá òwe yìí jiyàn nínú ọkàn mi, nítorí ẹni tó gun òkè náà kì í ṣe afọ́jú. Ibi tí mo ti rí i pé òwe náà kò bá ọmọdé jà rárá ni òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta.

Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ àlejò ń sáré lọ. Àwọn kan á gun àtẹ̀gùn, àwọn tí orúnkún ń yọ lẹ́nu á wọ lífìtì, èmi kò sì dá wọn lẹ́bi. Láti òkè lọ́hùn-ún, gbogbo ìlú tẹ́ rẹrẹ síwájú ojú: òrùlé páànù tó ti dípẹtà títí dé ibi tí ojú lè tó, ṣọ́ọ̀ṣì Aké láàárín wọn, àti odò Ògùn tó ń wọ́ lọ. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè sọ èyí tó ń jò nínú àwọn òrùlé náà.

Abẹ́ àpáta ni àwọn Ẹ̀gbá wá ní tiwọn nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká. Àjà ibẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹ̀ ba kí ó tó wọlé, àwọn ihò tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan jíjẹ sì wà nínú òkúta náà títí di òní. Bí a bá ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kan, ó ń dán bí awo tánganran. Ẹni tó wà lórí lè tètè rí ọ̀tá lókèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó kúnlẹ̀ ti ihò yìí nìkan ló mọ̀ bóyá àgbàdo ọ̀la kù. Ìlú tí ogun yí ká kò lè fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìmọ̀ méjèèjì. Mo rò pé àwọn tó ń wo ọjà láti orí bíríìjì, tí wọ́n sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n wó o nítorí pé ó rí jágbajàgba, kò tíì kúnlẹ̀ rí.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo yà sí ọjà aládìrẹ ní Ìtòkú. Mo ń ṣiyèméjì lórí iye tí ìyá kan dá lé aṣọ ẹlẹ́kọ kan, àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, ni ó bá tẹ́ ẹ lé itan rẹ̀, ó fi èékánná tọ ipasẹ̀ àwọn ìlà tín-ín-rín níbi tí ẹ̀kọ ti sán kí aró tó ráyè wọlé. “Wò ó dáadáa, ọmọ mi,” ni ó wí, “ṣé ẹ̀rọ á ṣe báyìí?” Mo sanwó, n kò tún ná an mọ́.