Àpáàdì Ifẹ̀, Àpáàdì Trypillia

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ilé ọkọ ni ìyá ọkọ mi fi àpáàdì kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ń wa pòtétò lẹ́yìnkùlé, ọkọ́ wọn bá kan nǹkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n fi etí aṣọ nù ún. Ilà dúdú kan wà lára rẹ̀ tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Wọ́n ní ó ti lé ní ọdún 5,000 tí ẹnì kan ti fọwọ́ fa ilà náà.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí. Nínú agbo ilé bàbá mi, àpáàdì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, wọ́n gbé e ró lórí etí, wọ́n tò ó mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Láràárọ̀ ni àwa ọmọdé ń da omi ìfọṣọ sí i lórí. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìgbàanì ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Etí odò Dnipro ni Trypillia, abúlé ọkọ mi, wà, ní gúúsù Kyiv tó jẹ́ olú ìlú Ukraine, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 40. Àwọn ará ibẹ̀ ní pápá mẹ́ta ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Stuhna ló ń ṣàn wọnú Dnipro nítòsí wa. Dnipro fúnra rẹ̀ fẹ̀ débi pé ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé òkun ni, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìdídò Kaniv sé e ní àwọn ọdún 1970. Odò tí mo mọ̀ nílé ni Ẹ̀sìnmìrìn, èyí tí Mọrèmi fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ fún. Odò tí ìtàn rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni èèyàn lè fi là á kọjá. Ti Trypillia, ìgbà òtútù nìkan ni èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, nígbà tí omi bá dì gbagidi. Àwọn ọkùnrin á wá lu yìnyín, wọ́n á jókòó ti ihò náà láti òwúrọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀ ẹja, wọn ò ní sọ̀rọ̀.

Èdè wọn ló kọ́kọ́ tù mí nínú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún àgbà àti ọmọdé, àmọ́ àwọn ará Ukraine ní “ty” fún ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n sì ní “Vy” fún ẹni tó ju ni lọ, bí “ìwọ” àti “ẹ̀yin” tiwa gẹ́lẹ́. Ní abúlé, àwọn tó dàgbà ṣì ń fi “Vy” bá ìyá àti bàbá tó bí wọn sọ̀rọ̀. Bí ìyá náà ò bá sí nílé pàápàá, “vony” ni wọ́n á fi dárúkọ rẹ̀, ìyẹn “wọ́n”, bí ẹni pé èèyàn púpọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, ojú mi kún fún omi. Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní Kyiv láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ wọn ní ibi tó ti yàtọ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún, orúkọ àbísọ rẹ̀ ni ẹ máa pè, kí ẹ sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ta ni yóò la ẹnu pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Mo fi orúkọ náà sílẹ̀, mo ń pè wọ́n ní “Mamo”. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sáré wá gbé mi dìde, wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, mo sọ ọ́ lórúkọ bí ìyàwó ilé ti ń ṣe, mo ń pè é ní Eyínmẹ́nugún. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó lọ wo eyín rẹ̀ nínú dígí. Ó ti lọ́kọ báyìí, orúkọ yẹn náà ló ń kọ sísàlẹ̀ gbogbo ìwé tó bá fi ránṣẹ́ sí mi.

Nínú ọkọ̀ akérò wọn, marshrutka, kò sí kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn á fi owó lé ẹni iwájú lọ́wọ́, ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, ṣéńjì á sì gba ọ̀nà kan náà padà láìdín kọ́bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé kò sí ẹni tí yóò kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi ìgbà tí o bá sọ̀kalẹ̀ ní abúlé: níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí yóò kí ẹ “dobryi den”, bí o ò bá sì dáhùn, wọ́n á bi ọkọ ẹ léèrè ohun tó ṣe ẹ́.

Ilé amọ̀ ni ilé tí wọ́n bí ìyá ọkọ mi sí. Wọ́n po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n fi rẹ́ igi, wọ́n sì fi ẹfun kun ún. Ilé ìyá àgbà mi náà nìyẹn, bí a bá yọ ẹfun kúrò. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ààrò. Ààrò tiwa, ìta tàbí ẹ̀yìnkùlé ni, kí èéfín lè ráyè lọ. Tiwọn, tí wọ́n ń pè ní pich, àárín ilé ló wà, amọ̀ ràgàjì tó gba ìdajì yàrá. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń se borscht, ọbẹ̀ pupa tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ àṣà ní ọdún 2022, orí rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ àti arúgbó ń sùn nígbà òtútù. Gáàsì la fi ń dáná báyìí, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó pich náà. Ó yẹ kí ojú ti àwa tó sáré wó ilé amọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo fẹ́ sọ báyìí. Nígbà tí mo dé Kyiv ní ọdún 2011, ó pẹ́ kí n tó jáwọ́ nínú rírọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì ní gbogbo alẹ́. Iná kì í lọ. Ìtòsí wa gan-an ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Trypillia wà, ní ìlú Ukrainka, agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 1,800, a sì ń rí ọ̀pá èéfín rẹ̀ láti ọgbà wa. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Rọ́ṣíà ti dojú kọ àwọn ilé iṣẹ́ iná. Èmi ni mo wá ń kọ́ àdúgbò: ẹ rọ omi pamọ́, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, mísáìlì ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́ pátápátá. Ààrẹ Zelenskyy sọ lẹ́yìn náà pé mísáìlì 11 ló wá, wọ́n já méje lulẹ̀, mẹ́rin wọlé nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń yìn ín lulẹ̀ ti tán. Nílé, bí iná bá lọ, mi ò mọ ẹni tí màá bínú sí. Níbí, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ẹni tó mú iná lọ. Nígbà tó padà dé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pariwo “iná dé o!” láìmọ̀gbà. Àwọn ọmọ aládùúgbò ti kọ́ ọ báyìí.

Ìtàn abúlé yìí kì í tán lẹ́nu ìyá ọkọ mi. Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Bohemia (Czech ti òní), Vikentiy Khvoyka, ló gbẹ́ ilẹ̀ ní àyíká ibí ní ọdún 1896 sí 1897, tó bá ilé amọ̀ àti ìkòkò olílà pàdé. Orúkọ abúlé yìí ni wọ́n fi ń pe gbogbo àwọn èèyàn ìgbàanì yẹn, tí ilẹ̀ wọn dé Moldova àti Romania. Iná jó púpọ̀ nínú ilé wọn, iná ọ̀hún ló sun amọ̀ náà tó fi le tó fi wà di òní. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ìjàm̀bá ni, tàbí àwọn fúnra wọn ló ń dáná sun ún. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé wa, mo rí ohun amọ̀ oníhò méjì tó so mọ́ra, tí kò ní ìdí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bí a ṣe ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn babańlá.

Stuhna náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1093, àwọn ọmọ aládé Kyiv bá àwọn Polovtsi, darandaran ajagun láti pápá ìlà-oòrùn, jà níbẹ̀, ogun ṣẹ́ wọn. Rostyslav, ọ̀dọ́mọkùnrin, rì sómi bó ti ń sá. Volodymyr Monomakh ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fà á jáde, díẹ̀ ló kù kí òun náà rì. Ìwé ìtàn ìgbà náà kọ ọ́ pé ìyá Rostyslav sunkún rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń nawọ́ sí omi náà bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ti ọdún 1919 ni wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ. Otaman (ìyẹn olórí ogun) Zelenyi, ọmọ bíbí Trypillia, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa àwọn ọ̀dọ́ Komsomol, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kọ́múníìsì, tí ìjọba Bolshevik, àwọn Kọ́múníìsì láti Rọ́ṣíà, rán wá. Ìjọba yẹn gbé ọwọ̀n kalẹ̀ fún wọn, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé ajẹ́rìíkú ni wọ́n. Nínú ilé, ìtàn mìíràn ni àwọn ọmọ kan ń gbọ́, pé Zelenyi ń jà fún ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá dàgbà ní Ifẹ̀ láàárín ọdún 1997 sí 2000, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, kò nílò àlàyé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi tí mo ń gbé kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Modákẹ́kẹ́, ilẹ̀ kan náà sì ni.

Olùkọ́ ń kó àwọn ọmọ iléèwé wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trypillia. Ifẹ̀ ti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ láti ọdún 1954, lẹ́bàá ààfin. Ní ọdún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n bá àwọn orí idẹ pàdé, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Èmi tí wọ́n bí sí Ifẹ̀, ìgbà tí mo ti Ukraine wá sinmi nílé ni mo tó wọ ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dùn mí gan-an.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí ìyá mi lọ ya fọ́tò àpáàdì ẹ̀bá kànga ránṣẹ́. Wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì lé apá kan, ìyókù ṣì wà. Mo fi han ìyá ọkọ mi nínú fóònù, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi sí i, wọ́n béèrè ẹni tó tò ó. Mo ní àwọn àgbà wa sọ pé Lúwoo ni, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, tó sì ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ gbogbo ìgboro.

Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹrẹ̀ Trypillia nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí.

Wọ́n ní, “Wọ́n gbọ́n o.” “Vony” ni wọ́n fi pe Lúwoo, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá tó bí wọn.