Kì í ṣe ọ̀dà ni ògiri gbọ̀ngàn wa ń fẹ́

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ọ̀wàrà

Lẹ́yìn ohun tí bíríkìlà fi hàn wá láàárọ̀ yìí, èmi akápò ìjọ kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ táìlì mọ́ títí a ó fi tún òrùlé gbọ̀ngàn ìjọ ṣe.

Amọ̀ pupa ni àwọn bàbá wa fi mọ gbọ̀ngàn náà, bí wọ́n ṣe ń mọlé ní Àjàṣẹ́ láyé ìjọ́sí. Ibẹ̀ la ti ń gbàlejò lẹ́yìn ìsìnkú, ibẹ̀ ni ìyàwó ti ń jó wọlé, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé ti ń kọ́ orin ìkórè. Ẹni tí àgbàlá ilé rẹ̀ kò gba èrò, gbọ̀ngàn yìí ni àgbàlá rẹ̀.

Bíríkìlà fi òòlù kan ògiri níbi tó ga tó àyà èèyàn, ó dún kó-kó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún kàn án nísàlẹ̀, ohùn yí padà, ó ń dún bí akèrègbè òfìfo. Ló bá fi irin tẹ ẹ́ díẹ̀, sìmẹ́ǹtì ojú ògiri sì já bọ́ ní pẹlẹbẹ. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù rinrin. Mo fi ìka tọ́ ọ, ìka mi sì wọlé.

Ó ṣàlàyé fún wa pé amọ̀ máa ń mí: bí òjò bá rin ín, afẹ́fẹ́ àti oòrùn á gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde kí ó lè dán, wọ́n dí i lẹ́nu. Sìmẹ́ǹtì ń sán, omi ń gba ojú ibẹ̀ wọlé, kò sì rọ́nà jáde. Òrùlé tó ń jò ń da tirẹ̀ sí i látòkè, omi inú ilẹ̀ ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ látìsàlẹ̀. Bí ó ṣe ń jẹrà nínú nìyẹn tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹni tó bá rìn kọjá láwọn àdúgbò àtijọ́ níbí yóò rí ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, bí wọ́n ṣe ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé amọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ó ń dùn mí gan-an.

Ìwé tí ìgbìmọ̀ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi béèrè owó àtúnṣe lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ọ̀dà, fáànù àti táìlì ló kún inú rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ra fáànù á máa rí i bó ṣe ń yí. Igi òrùlé tí ikán ti jẹ, ta ni yóò gbójú sókè wò ó? Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìgbìmọ̀ tilẹ̀ ní, "Bí ẹ bá sọ fún ìjọ pé ògiri ń jẹrà, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọn kò ní dá owó." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i."

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni Màmá Ẹgbẹ́ ti wọlé. Wọ́n fọwọ́ pa amọ̀ náà, wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n sì yọ ẹgbẹ̀rún méjì sefà. "Ẹ kọ ọ́ pé ti igi òrùlé ni o, kì í ṣe ti fáànù." Ẹ̀gbọ́n kò tún sọ̀rọ̀ fáànù mọ́.

Lọ́sàn-án, Àlájà tó ń ta ìrẹsì lọ́jà Wàńdó pè mí. Inú wọn kò dùn. "Ṣé kì í ṣe gbọ̀ngàn yín ni mo ti gbàlejò nígbà tí bàbá wa kú? Kí ló dé tí ìwé kò fi kàn mí?" Òótọ́ ọ̀rọ̀. Nílùú yìí, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ń jáde láti inú ilé kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwé tuntun yóò kàn wọ́n, yóò sì kan gbogbo ilé tó yí wa ká.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Faransé náà ti ṣèlérí. Tiwọn rọrùn fún akápò, nítorí euro kan ti di 655.957 sefà, kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀. Ti àwọn ará Èkó ló le: náírà tí wọ́n ṣèlérí lóṣù yìí, ó lè ti yàtọ̀ nígbà tó bá fi di sefà. Nítorí náà, owó tó bá dọ́wọ́ nìkan ni mò ń kọ sí ojú ìwé owó. Ìlérí ní ojú ìwé tirẹ̀.

Òjò yóò dá nínú oṣù Bélú. Bí a kò bá tú páànù kí oṣù Ìgbé tó mú òjò ńlá dé, ó di ọdún mìíràn, ògiri yẹn kò sì ní dúró dè wá. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti káfíńtà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onípákó. Igi kọ̀ọ̀kan àti owó rẹ̀ ni mo máa kọ, n óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kó tó di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan sefà péré lè mọ ohun tí tirẹ̀ yóò rà.